Ìkẹta

Bàbá mi kò mọ̀wé, kò sì fi ìwé kọ́ mi.
Ó kọ́ mi bí a ṣe ń ké nínú oko kòkó lẹ́yìn Ìdànrè,
níbi tí ewé ti ki débi pé
ọmọ ìyá méjì lè wà ní ogún ẹsẹ̀ síra wọn
kí wọ́n má fojú kan ara wọn títí oòrùn á fi wọ̀.

"Pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀ bí igbá," ó wí,
"kí o fẹnu sí àárín àtàǹpàkò.
Ẹyọ kan ṣoṣo, gígùn: mo wà níbí.
Méjì, kúkúrú: iṣu ti jinná, ẹ máa bọ̀.
Ìkẹta..."
ó bojú wẹ̀yìn, bí ẹni pé igi kòkó ń tẹ́tí,
"ìkẹta á já láàárín bí okùn,
á tún so, á tún já.
Ẹni tó bá gbọ́ ọ kò ní bèèrè pé ta ni.
Á mú àdá, á máa sáré.
Má fi ìyẹn ṣeré láyé rẹ, Mọ́rèniké."

Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo gbọ́ ọ lẹ́nu òun fúnra rẹ̀.
Ẹ̀ka obì dá, òun náà bá a wálẹ̀,
egungun itan yọ síta, ó funfun bí ẹyin.
Oko mẹ́rin ló tú jáde.
Ẹni tó kọ́kọ́ bọ́ aṣọ rẹ̀ fi di ẹsẹ̀ náà
ni Akínfọlárìn, tí òun àti Bàbá ti ń fa ọ̀rọ̀ ààlà
láti ìgbà tí mo ti wà lẹ́yìn ìyá mi.
Ó gbé Bàbá kọ́rùn dé ojú títì.
Nígbà tí ẹsẹ̀ san, wọ́n padà sí kóòtù.

Èmi dé Àkúrẹ́, mo gba yàrá ní Òkè Àró.
Ilé méjìdínlógún ló wà ládùúgbò wa,
géètì méjìdínlógún.
Lóru ọjọ́ kan, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá,
omirá Ìbídùn, ará ilé mi, dà lójijì.
Oṣù rẹ̀ kò tíì pé.
Ọkọ rẹ̀ wà lọ́nà Ọ̀rẹ̀, ó ń kó pákó.
Mo bọ́ síta: "Ẹ gbà wá o! Ẹ̀yin ará àdúgbò, ẹ gbà wá!"
Mo gbọ́ kọ́kọ́rọ́ tó yí. Kì í ṣe pé ó ń ṣí.
Iná kan tó ń tàn lójú fèrèsé kú.
Nígboro, bí ènìyàn bá ké "gbà mí",
olè ni àwọn ará ilé ń gbọ́.
Mo tẹ nọ́ńbà ìjọba. Obìnrin kan tí kò lórúkọ
ní kí n dúró, kí n má pa á,
ó ń lu dùùrù sí mi létí títí owó fóònù fi tán.

Mo dúró lójú ọ̀nà láìwọ bàtà.
Ọwọ́ mi ti pa ara rẹ̀ pọ̀ bí igbá
kí n tó rò ó.
Ó já. Ó so. Ó já.

Jẹnẹrétọ̀ ń kùn. Ajá kan gbó, ó dákẹ́.
Láti ìsàlẹ̀, níbi tí ọ̀nà ti kọjú sí odò Àlà,
ẹnìkan dáhùn.

Bàbá Fadáìrọ́ ni, tó ti bá ìjọba yẹ kòkó wò rí,
tí kì í kí ènìyàn, tí àwa náà kì í kí.
Ṣòkòtò nìkan ló wà nídìí rẹ̀, àdá wà lọ́wọ́,
ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin, ó ń sáré.
Kò bèèrè pé ta ni. Ó ní, "Níbo?"
Ó fi ẹ̀yìn àdá lu géètì onímọ́tò: kọ́, kọ́, kọ́,
títí onítọ̀hún fi jáde wá bú u.
Ó jẹ́ kó bú u tán.
"Ó parí? Ó yá, gbé mọ́tò."

Ọjọ́ karùn-ún, wọ́n tọsibítù dé.
Obìnrin ilé kejì gbé ọsàn wá, ó ń wolẹ̀.
"A gbọ́ nǹkan lóru ọjọ́ yẹn," ó ní.
"A rò pé ẹyẹ ni."

Mi ò dá a lóhùn.
Nínú yàrá, ọmọ náà la ẹnu.
Kò pa ọwọ́ pọ̀, kò sẹ́ni tó kọ́ ọ.
Ẹyọ kan ṣoṣo,
gígùn.